Agídí Fíríìjì Mi

Ìyá onílé wa ní Ẹdẹ gbà pé ohun tó bá ní ara ńlá á ní ikùn ńlá. Nígbà tí fíùsì ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí iná bá wà, wọn ò wádìí jìnnà. Fíríìjì mi ló ga jù nínú ilé, òun ló sì dé kẹ́yìn. Wọ́n ní kó kúrò kó tó di Jímọ̀.

Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pólì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ níbẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń fún omi ọyàn sínú ike, kí n tò ó sínú fíríìjì. Ta ló wá ń fi í bọ́ ọmọ? Ìyá onílé kan náà ni. Wọ́n á pọ̀n ọ́n, wọ́n á kì í ní oríkì tí baba rẹ̀ gan-an ò mọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa bú àpótí tó ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀.

Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní alágídí ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí tíṣà físíìsì wa. Ó máa ń sọ pé gbogbo ohun tó ń lo iná ló ní agídí tirẹ̀ tó fi ń dènà iná: fi ámpù pín fóltì, wàá mọ bí agídí náà ṣe pọ̀ tó; fi ámpù sọ fóltì di púpọ̀, wàá mọ bó ṣe ń jẹun tó. Nígbà yẹn, oúnjẹ tèmi ni mò ń rò.

Mo ka ẹ̀yìn fíríìjì: fóltì igba ó lé ogún, ìlàjì ámpù péré. Agídí rẹ̀ jẹ́ óòmù irinwó ó lé ogójì, oúnjẹ rẹ̀ ò ju wáàtì àádọ́fà lọ. Mo wá yọ́ lọ ka ìdí kẹ́tùlù tí ìyá onílé fi ń mú omi àlùwàlá gbóná nírọ̀lẹ́. Ámpù mẹ́wàá! Agídí rẹ̀ ò ju óòmù méjìlélógún lọ, wáàtì ẹgbàá ó lé igba ló sì ń gbé mì. Fíùsì wa ò sì lè gbé ju ámpù mẹ́wàá lọ. Kẹ́tùlù nìkan ti jókòó sórí gbogbo àga kí fáànù ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Báwo lèèyàn ṣe ń fi omi àlùwàlá sùn fún àgbà? Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé ìṣirò sí wọn.

“Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí ò lágídí ló ń jẹ iná jù. Fíríìjì mi lágídí ju kẹ́tùlù yín lọ ní ìlọ́po ogún.”

“Kẹ́tùlù tí kì í pariwo? Ìyá ìkókó, fíríìjì ẹ ló ń kùn tọ̀sán tòru.”

“Òun ló ń kùn lóòótọ́, Màmá. Ẹni tó bá yó kì í kùn.”

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, àwọn fúnra wọn ló yọ wáyà fíríìjì, wọ́n tan kẹ́tùlù. Fíùsì jó. Wọ́n ní fíríìjì ti kọ́ fíùsì níwà burúkú.

Síbẹ̀, fíríìjì ò kúrò. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ni pé àwọn fáànù ló jẹ̀bi. Ní báyìí, bí Màgàríbì bá ti ń sún mọ́, wọ́n á pàṣẹ pé ká pa gbogbo nǹkan, gbogbo ilé á sì máa làágùn títí omi á fi hó.

Wọ́n tún máa ń fi díẹ̀ nínú omi náà mú kí omi ọyàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níjọ́sí, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún ọmọ mi pé kó má jogún agídí ìyá rẹ̀. Ọmọ fa ike kan gbẹ, ó nawọ́ sí ìkejì. Àdúrà ti gbà: kẹ́tùlù ni mo bí.