Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí A Ti Ń Bọ́ Bàtà

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún náà, òórùn ìbọ̀sẹ̀ ogún èèyàn nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Eruku lọ̀tá ẹ̀rọ, wọ́n á ní ká bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni. Ìpọ̀nrí ní Èkó là ń gbé, ohun kan ṣoṣo tó sì wù mí láyé ni kí n máa ya àwòrán tó ń rìn, irú èyí tí wọ́n ń fi han àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́. Polí kan ní Yaba ti gbà mí sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n lọ forúkọ sílẹ̀, bí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi àyè mi fún. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní ká kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀. Ohun tí mo rí kò wù mí rárá. Amọ̀ wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ sílípáàsì, ọ̀dà sì ti gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Mo bèèrè kọ̀ǹpútà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní pẹ́ńsù àti búrọ́ọ̀ṣì ni màá kọ́kọ́ mú fún ọdún méjì.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí pátákó kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Wọ́n ya ehoro kan sí i tó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kan ilẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà pọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà gíráfíìsì, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Mo wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, orí mi wú. Lójú mi, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ni ìmọ̀ gidi wà.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí pé, “Ṣé o rí ẹni tó ń ya nǹkan kan níbẹ̀?”

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà wo pátákó wọn.”

Ariwo ọmọ ilé-ìwé ti tán an lókun lọ́jọ́ náà, kò bá mi jiyàn. Bí mo ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ gbáko nílé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn, lẹ́tà ni mo ń tẹ̀. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ìtọrọ ààyè, lẹ́tà sí ọ̀gá tí kò sí níbì kankan. Bí mo bá bi tíṣà wa pé ìgbà wo la máa yàwòrán, á ní kí n ṣe sùúrù. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò bèèrè mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo gba ojú fèrèsé rí ọkùnrin kan lórí àkàbà, ó ń tún ehoro náà kùn. Mo sáré jáde, mi ò rántí bàtà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà wo lẹ fi ya èyí?”

Ó wò mí nílẹ̀. “Kọ̀ǹpútà kẹ̀? Búrọ́ọ̀ṣì ni, àbúrò. Polí tó wà ní Yaba níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́ mi.”

Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni èmi fi dúró nínú ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ti pa òwe Sókótó àti ṣòkòtò tán, mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Lẹ́tà títẹ̀ náà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì ya ehoro kankan. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn jà. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí wọ́n bá ní kí n bọ́ bàtà níbì kan, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé.