Páìpù Apá Ọ̀dọ̀ Awakọ̀

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe mẹkáníìkì kan ní Sùúrù, ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ó ní in. "Sùúrù ni baba ìwà" ló máa ń wí fún oníbàárà tó bá ń kánjú gba mọ́tò, bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ẹ wá wo òun alára láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò bàbá rẹ̀, ọ́ìlì dúdú ń kán sí i létí, ó sì ń bá irin ṣe gbólóhùn asọ̀.

Mọ́tò asáré ayé àtijọ́ ni, pupa fòò, alága méjì, kò lórùlé. Bàbá rẹ̀ ti ń wà á kí wọ́n tó bí Sùúrù, ara rẹ̀ ni Sùúrù sì ti kọ́ iṣẹ́. Ní báyìí, mánífóòdù rẹ̀, ìyẹn irin tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì tó sì ń darí rẹ̀ lọ sínú sálẹ́ńsà, ti sán lápá méjèèjì, èéfín sì ń rú sójú ẹni tó ń wakọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò ṣe irú irin yẹn mọ́. Sùúrù wá ra àfidípò, páìpù tuntun méjì, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọjọ́. Ojú bàbá ti ń ṣú. Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ yóò parí lọ́la, ọjọ́ Àìkú, dókítà ojú sì ti ní òun kò ní fọwọ́ sí òmíràn. Bàbá kò bá a jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: kí òun fi mọ́tò yẹn gbé ìyàwó òun jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òun ṣì ń rí títì. Bí páìpù kò bá wọlé lónìí, ó di ọ̀run.

Páìpù kò sì wọlé.

Ti apá ọ̀dọ̀ èrò wọlé wẹ́rẹ́, àyè tó ṣẹ́kù níbẹ̀ tó kí èèyàn ki ìkúùkù bọ̀ ọ́. Ti apá ọ̀dọ̀ awakọ̀ ló ya òǹrorò. Bí ihò bóòtù bá ṣe déédéé, páìpù á lọ forí sọ ọ̀pá sítíárìn. Bó bá yẹ̀ fún sítíárìn, bóòtù ò ní wọlé. Sùúrù tì í, ó yí i, ó ṣépè fún un. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bà á nímú.

Ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé èkejì tó ń gbìyànjú ní apá yìí rèé. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe ṣe náà nìyẹn, tó fi pe ẹni tó tà á fún un lórí fóònù, tó bi í pé ṣé ojú oorun ló fi wọn irin ni. Onítọ̀hún bẹ̀ ẹ́, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́. Àìsàn kan náà ló tún ń ṣe òmíràn.

Bàbá jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn, ó ń darí iṣẹ́ tí kò rí.

"Yí i sápá òsì díẹ̀."

"Bàámi, mo ti yí i."

"Kò tíì tó."

"Ṣé ẹ̀ ń rí i ni, Bàámi?"

"N ò rí i. Mò ń gbọ́ ọ. Irin tó bá ń ké báyẹn, wọn ò tíì yí i tó."

Inú bí Sùúrù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lábẹ́ mọ́tò níbẹ̀.

Ìyá ló yọ sí wọn, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣeé ká láti kékeré, gbọnrangandan ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ dì í mú lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá yẹn ni yóò fi lé ọ. Bàtà bàbá ló mú lọ́wọ́.

"Ẹ wo bàtà tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ lọ́la. Ó tún ti ya! Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ẹ̀gbẹ́ inú nìkan. Kí lẹ máa ń fi ẹsẹ̀ yìí ha?"

"Àwọn tó ń rán bàtà ni ò mọṣẹ́ mọ́," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ wí i." Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. "Ìwọ ńkọ́, ọ̀gá mẹkáníìkì? Páìpù kan ṣoṣo láti àárọ̀?"

Ó wọlé lọ. Èsì tó wà lẹ́nu Sùúrù kì í ṣe èyí tí ọmọ ń fọ̀ sí ìyá, páìpù ló fọ̀ ọ́ sí.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Páìpù méjì ò lè jọ wọ́ lójú kan náà. Bí páìpù kò bá wọ́, á jẹ́ pé mọ́tò ló wọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ó rí pèlébé irin tí ẹnìkan fi há a, ó rí ihò bóòtù tí wọ́n tún lu. Wọ́n ti sún odindi ẹ́ńjìnnì sí apá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ìbú ìka méjì. Ó jáde, ó wọnú ọkọ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Irin tó yọ gọngọ láàárín ìjókòó méjèèjì, èyí tó bo ìdí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti gé òun náà, wọ́n sì ti fi iná jó o mọ́ apá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lọ́dọ̀ èrò, àyè wà fún ẹsẹ̀ tí kò ṣeé ká. Lọ́dọ̀ awakọ̀, irin ti dán níbi tí nǹkan ti ń ha á láti ọjọ́ pípẹ́. Sùúrù jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìtẹ̀ iná. Ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ kan irin.

"Bàámi, ta ló sún ẹ́ńjìnnì yìí?"

Bàbá kọ́kọ́ wo ọ̀nà ilé. "Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

"Ẹ mọ̀! Láti àárọ̀! Ẹ jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù!"

"N ò mọ̀ pé ó lè dí páìpù lọ́nà. Mánífóòdù àtijọ́ kéré, àyè gbà á." Ó fọwọ́ nu ojú. "Kété tí a fẹ́ra ni mo gbé mọ́tò yìí délé, ẹsẹ̀ ìyá ẹ ò wọlé. Ó ní kò burú, kí n máa gbádùn mọ́tò mi, òun á máa rìn. O sá mọ̀ ọ́n. Tí n bá ní mo gé nǹkan nítorí ẹsẹ̀ òun, kò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Funfun ni nígbà yẹn. Mo gbé e lọ, mo gé e, mo kùn ún ní pupa, mo ní mo ti fi pààrọ̀ òmíràn."

Sùúrù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tún gbé páìpù náà yẹ̀ wò.

Bó bá dá ẹ́ńjìnnì padà sáyè rẹ̀, páìpù á wọlé, ẹsẹ̀ ìyá ni kò ní wọlé. Òun tó máa ń wí pé aláìmọ̀kan ní í gé páìpù tuntun, ó gbé ayùn irin, ó gé e. Ó jó o padà ní kọ́lọkọ̀lọ yí ọ̀pá sítíárìn ká. Kò dùn ún wò rárá, àmọ́ ó wọlé. Ó wá pe ẹni tó tà á, ó bẹ̀ ẹ́, kò sì lè sọ ìdí fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá fi ọ̀pá ti ọwọ́ tí Sùúrù nà sí i kúrò, ó dá wọnú mọ́tò jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tààrà síwájú.

"Ṣé o rí i?" ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Àwọn tó ṣe mọ́tò yìí mọṣẹ́. Wọ́n rántí pé ẹsẹ̀ èèyàn ò rí bákan náà. Ìwọ, páìpù lásán, ó gbà ọ́ lódindi ọjọ́."

Sùúrù la ẹnu. Bàbá wò ó, ó sì rọra ki ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ àyè tóóró yẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ni Sùúrù wí. "Wọ́n mọṣẹ́ gan-an."