Ìkòkò Mọ́sáláṣí Dé Lewisham

Bí a ṣe kírun àsùbá tán ni mo gbé ìkòkò ńlá méjì tó ń lo iná mànàmáná, tí a fi ń se oúnjẹ ìṣínu, kúrò ní mọ́sáláṣí wa ní Peckham. Òjò ọjọ́ méjì ti mú kí odò Lewisham kún àkúnya, ó sì ya wọ ilé ìdáná gbọ̀ngàn tí àwọn àgbàlagbà ará Ṣáínà ti ń jẹun ọ̀sán. Púpọ̀ nínú wọn ń dá gbé. Oúnjẹ gbígbóná kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí lójúmọ́ nìyẹn. Popo Lin tó ń se é ló pè mí pé omi ti ba sítóòfù àwọn jẹ́. Popo ni ìyá àgbà lédè wọn. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ fọ aṣọ ní ọsibítù.

Àlàájà tó ń bójú tó ilé ìdáná wa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ sọ fún wọn o. Tí ẹlẹ́dẹ̀ bá fi lè kan ìkòkò yẹn, ẹ má gbé e padà wá.”

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ kí ẹni tí omi ṣe lọ́ṣẹ́, tí yóò tún máa ka òfin sí i létí?

Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin ni owó bọ́ọ̀sì. Ìkòkò kò san nǹkan kan. Dírẹ́bà, ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, wò mí.

“Mummy, ẹ gbé e sí buggy space, but tí buggy bá wọlé, ẹ máa move o.”

Buggy ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń to ohun tí n ó sọ fún Popo títí a fi kọjá New Cross.

Ní Lewisham, àga tútù àti àpò ìrẹsì tó ti wú kún ẹ̀bá ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ẹ ó ti máa gbọ́ “ẹ kú ewu” láti òpópónà. Níbí, nǹkan bí ogún àgbàlagbà jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kò sẹ́ni tó fọhùn. Àánú wọn ṣe mí.

Popo gba ìkòkò. Mo ṣì ń wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan. Bàbá arúgbó kan kùn, ó sì dá ẹran tó mú wá padà sínú àpò.

Mo bi Popo ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tó sọ.

“Mo ní ìkòkò ilé àdúrà yín ni. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ títí sítóòfù wa yóò fi dé.”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ọdún mẹ́sàn-án la jọ jẹun ọ̀sán. Ṣé mi ò lójú ni?”

A se kábéèjì, ẹyin àti tófù, ìyẹn wàrà sóyà. Bàbá yẹn bu tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo padà dé Peckham lọ́wọ́ òfo. Mo ti rò pé èmi ni mo ń lọ ṣọ́ ìlànà ẹ̀sìn wa. Ẹni tí omi gba ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá mi ṣọ́ ọ. Ìtìjú mú mi, inú mi sì dùn.

“Ṣé ẹ sọ fún wọn?” ni Àlàájà kí mi.

“Rárá.”

Ojú rẹ̀ korò. Mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọjú sí ibi tí a ń to ìkòkò yòókù sí.

“Ìkòkò méjì,” ó ní, “ṣé ó máa tó wọn?”