Ojúewé Lórí Ẹsẹ̀ Wíwú

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tó wà ní kékeré, torí kò sí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí lára tí kì í kà sókè ketekete, ì báà jẹ́ páálí ọṣẹ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló rántí èyí tí ìyá wọn sọ ọ́. Nígbà tó wá lé ní àádọ́ta ọdún, tí ewú ti ń yọ níwájú orí rẹ̀, ó rí iṣẹ́ kan tó bá orúkọ náà mu. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún yín, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Iṣẹ́ náà rèé. Ilé iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó fẹ́ ta ọjà fún àwa tí à ń sọ èdè yìí. Wọn ò gbọ́ èdè wa, wọn ò sì mọ ohun tá a máa ń bi fóònù wa tí nǹkan bá ń dà wá láàmú. Tí wọ́n bá ní kí ọ̀mọ̀wé kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, á túmọ̀ rẹ̀, ó sì lè dùn-ún kà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí i, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í béèrè nípa ìrora agbárí. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni láti wá bí àwọn èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan gan-an, pẹ̀lú ẹnu ara wọn, kó sì fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ ojúewé tuntun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá béèrè, ojúewé tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọjú. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń fi iye èèyàn tó béèrè nǹkan kọ̀ọ̀kan hàn án. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń béèrè á wọ orí ojúewé. Èyí tí díẹ̀ ń béèrè á lọ sísàlẹ̀. Èyí tí ẹnì kankan ò béèrè, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìkà.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà nísàlẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, òórùn rọ́bà sì máa ń bá èèyàn gun àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣe èdè Faransé jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ẹni tó ń ṣe Lárúbáwá wà lápá òsì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú. Ọ̀gá wọn ò ju ọmọ tí Akọ̀wé lè bí lọ. Ó ń pe Akọ̀wé ní Àǹtí, Akọ̀wé ń pè é ní ọ̀gá, kò sì sí èyí tó ká lára nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan tó ń ṣe ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin sọ pé kí wọ́n kọ ojúewé lórí ẹsẹ̀ wíwú fún àwọn. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní èdè tiwọn gùn, dókítà ti bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, gbólóhùn kan sì wà láàárín rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni, tó sì gbóná, kí onítọ̀hún má jókòó sílé, kó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Akọ̀wé kà á, ó sì wo ètò inú kọ̀ǹpútà. "Ẹsẹ̀ mi wú, ṣé ó léwu," àwọn tó ń béèrè ẹ̀ kò lóǹkà. Àmọ́ "ẹsẹ̀ mi kan," òdo ni kọ̀ǹpútà kọ síwájú ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ béèrè bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á ní ẹsẹ̀ ń dun òun ni, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò ronú sí i o. Ó ronú. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ìdáhùn tó wà lókè pátápátá kúrú, torí ìdáhùn kúkúrú ni fóònù máa ń mú, tó sì máa ń kà jáde fún ẹni tó béèrè. Tó bá gùn, fóònù á gbé ti ẹlòmíì. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá, gbólóhùn ẹsẹ̀ kan yìí ńkọ́?"

"Ta ló ń béèrè ẹ̀, Àǹtí?"

"Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn."

Bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ nìyẹn. Ó wá kọ ìdáhùn tiẹ̀ sókè: "Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe ohun tó léwu. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ẹ dín iyọ̀ kù, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún ẹsẹ̀ dáadáa." Ọ̀rọ̀ náà tutù, ó dùn-ún gbọ́, àfi bíi pé àbúrò ìyá ẹni ló ń báni sọ̀rọ̀ níyàrá. Kò pẹ́ rárá tó fi bọ́ sípò kìíní, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá pe àwọn tó kù kí wọ́n wá wò ó, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Inú Akọ̀wé dùn, kí ni mo fẹ́ parọ́ sí? Ọjọ́ tí wọ́n ń yin èèyàn níbi iṣẹ́ kì í pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Télọ̀ ni, ṣòkòtò ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n rán jù. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló fi iléèwé sílẹ̀ tó lọ jókòó sídìí maṣíìnì, kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Kò fìgbà kan rí mẹ́nu kàn án pé òun ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́nà jíjìn, yàrá kan ló sì ń gbé, ó ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń ránṣọ níwájú. Láti àárọ̀ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di ìgbà tí ojú ò bá rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ kó tó dìde níbẹ̀.

Iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ yìí ò yé e rárá. "Ṣé inú fóònù lo wá ń gbé ni?" Bó ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, títí Akọ̀wé fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù tí wọ́n á sì fi ẹnu béèrè nǹkan. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ epo lára aṣọ, fóònù sì dá a lóhùn ní èdè rẹ̀. Ẹnu yà á.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Òmíì ni tèmi."

Kò gbọ́ "òmíì" yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wá wọn ṣòkòtò tí kò ní sọ fún pé, "Ohun tí fóònù yín ń sọ yẹn, àbúrò mi ló ń kọ ọ́." Á fẹnu di abẹ́rẹ́ mú, á máa sọ ọ́ láàárín eyín.

Ní ọjọ́ Sunday kan tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó gbé kọ̀ǹpútà wálé, Akọ̀wé pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn rẹ̀ ò já gaara.

"Ẹsẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ó wú."

"Ẹ ti jókòó jù nídìí maṣíìnì nìyẹn. Ẹ máa gbé e sókè."

"Mo ti ń gbé e sókè. Ṣé o rò pé mi ò ti béèrè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò bi í pé lọ́wọ́ ta ló ti béèrè. Kò bi í pé ẹsẹ̀ wo ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń wò lọ́wọ́, ó sì ní kó sùn dáadáa.

Nígbà tó ráyè lọ kí i lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ náà ti ń lọ sópin. Ó bá a lórí àga, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà o. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò ló tò pọ̀, tó rán an mọ́ra wọn láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé orúnkún, ojú rírán rẹ̀ ṣe wẹ́kú, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa rò pé láti ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ti wá.

"Kí ni màá ra tiwọn fún?" ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń fọwọ́ pa á. "Mo rán tèmi."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì wo? Ẹsẹ̀ kejì ò ṣe nǹkan kan."

Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà lókè ibi tí rọ́bà dé. Ó gbóná, ara ibẹ̀ le, ó sì ń dán. Gbólóhùn tó yọ dànù padà sí i lórí lódindi, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan."

"Ẹ dìde. Ọsibítù yá."

"Fún kí ni? Ṣebí o ní kò léwu."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ kẹ̀. Mo béèrè, o sì dá mi lóhùn."

Akọ̀wé ń fà á lọ́wọ́ ṣáá ni, ẹ̀gbọ́n sì ń ṣàwàdà pé obìnrin yìí á fi àìsàn tí kò sí pa òun. Kí wọ́n tó dé etí ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní rírìn tí òun ò rìn láti ọjọ́ yìí ló fà á.

Dókítà tó rí wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó sì ń kánjú. Ó tú ìbọ̀sẹ̀ yẹn kúrò, ó tẹ ẹsẹ̀, ó gbé nǹkan sí àyà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè wá?"

"Mi ò jókòó lásán o, dókítà. Mo béèrè." Ó fa fóònù yọ lápò, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi wú, ṣé ó léwu?"

Ohùn fóònù jáde ketekete nínú wọ́ọ̀dù náà. Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì gbé orí sókè, ó ń fetí sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ń mi orí pé òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí ó kà á tán, títí dórí ìbọ̀sẹ̀. Ó wá nawọ́ sí Akọ̀wé. "Àbúrò mi tó dúró yìí ló kọ ọ́."

Dókítà wo Akọ̀wé. Kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó pè é sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹsẹ̀ náà, ó sì ti ń já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní àwọn á gbìyànjú. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, oògùn ì bá ká a.

Akọ̀wé jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: Bọ̀ọ̀dá mi, mo yọ gbólóhùn kan kúrò níbẹ̀, tìtorí yín ni wọ́n sì ṣe kọ gbólóhùn náà. Ẹni tó ti kọ ìdáhùn fún gbogbo ayé, èyí ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fi ìnira mí, wọ́n ti gbé nǹkan bo imú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn gbọ́ ọ," ó ní. "Àti ìyàwó ẹ̀. O rí bí wọ́n ṣe ń mi orí?"

"Mo rí wọn, Bọ̀ọ̀dá mi."

Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Akọ̀wé lọ gba oògùn tí wọ́n kọ fún wọn. Nígbà tó dé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó. Ó dúró pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́ títí nọ́ọ̀sì kan fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, ó padà sí ọ́fíìsì. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ojúewé náà, ó sì fi gbólóhùn ẹsẹ̀ kan sókè pátápátá, ṣáájú ohun gbogbo, ó yọ "ẹ fọkàn balẹ̀" kúrò. Ọ̀gá rí i. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Àǹtí," ó sì lọ.

Ojúewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ó kúrò nípò kìíní, kò pẹ́ ó wọ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Akọ̀wé lọ wo èyí tó gorí àga. Ti àwọn kan tí kò mọ̀ rí ni, wọ́n ń ta ìpara. Nígbà tó ṣí i, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló bá níbẹ̀, Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n dà á kọ pátá nígbà tó wà lókè, ìpara nìkan ni wọ́n fi rọ́pò ìbọ̀sẹ̀. Òmíì tún wà lábẹ́ ìyẹn, òun náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ó kọ̀wé sí wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó sọ pé èèyàn ti kú. Ọ̀gá náà bá a kọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ tó lọ kó ẹrù kúrò ní yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó mú fóònù rẹ̀, ó bi í léèrè pé, "Ẹsẹ̀ mi kan wú, ó ń dùn mí, ó sì gbóná. Ṣé ó léwu?" Fóònù ní rárá o, kó fọkàn balẹ̀. Ó yí ìbéèrè náà padà. Ó tún yí i. Ó béèrè bí àgbàlagbà ṣe máa béèrè, ó béèrè bí ẹni tí kò kàwé ṣe máa béèrè, gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà béèrè, tó sì ń fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan bóyá nǹkan mìíràn á jáde. Ohun kan náà ló ń sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tutù tí òun fúnra rẹ̀ fara balẹ̀ kọ.