Ẹ̀rọ Tó Fọ Àmì Kúrò Lára Ebè

Wọ́n ti kíláàsì ìyá mi pa nítorí àmì tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ ara wọn pa rẹ́.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní òṣèlú ni. Wọ́n ní orí àwọn obìnrin Kambolé, ìlú wa, kò gba ìwé. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ̀rín sí i ní Sokodé, ó ní èdè wa ló ń yọ̀ jù, kò ṣe é dì mú. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì ní Lomé, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Sokodé. Iṣẹ́ wa ni ká kó ọ̀rọ̀ inú àwọn èdè ìlú sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ náà sì fi wọ́n to ẹ̀kọ́ ìwé kíkà fún àwọn àgbàlagbà. Yorùbá ti Kambolé ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ dà bí àwọ̀ ewé. Yàrá tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí, àwa èèyàn ń làágùn níta. Ká tó wọlé tọ̀ ọ́, a ní láti bọ́ bàtà, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá wa, tí kì í dìde fún àgbàlagbà kankan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á tú okùn bàtà rẹ̀ fún irin.

Mi ò bínú sí irin náà o. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo ya ẹ àti ọ sínú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, nítorí àwọn tó ṣe é kò mọ̀ pé a wà láyé. Ó gbà wọ́n. Ìwà burúkú kan ṣoṣo ló ní: tí wọ́n bá ní kó to ọ̀rọ̀ láti A dé Z, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àmì bá wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn Z ló ń kó wọn lọ. Ìyá, àgbàdo, òjò, gbogbo wọn lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Mo sọ bí a ó ṣe tún un ṣe. Ọ̀gá ní òun kò ní àsìkò. Ó ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ wa kọ ètò kan tí yóò fọ gbogbo àmì dànù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo lọ kírun. Kí n tó dé, wọ́n ti fọ èdè mi mọ́.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ebè, ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀bẹ ti di ọ̀kan o.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

“Ebè là ń kọ sóko ká tó gbin iṣu. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ ẹni tó bá ń bínú. Ẹ̀bẹ ni iṣu tí a fi epo àti ata sè pọ̀, tí à ń jẹ.”

“Lẹ́tà mẹ́ta péré, ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta! Ìṣúná gidi nìyẹn, mùsé.” Ó fi Faransé pè mí ní ọ̀gbẹ́ni.

“Faransé ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi àmì tiwọn sílẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn. “Faransé,” ó ní, “èdè nìyẹn.”

Wọ́n fọ Tem, èdè àwọn ará Sokodé, náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Tem pọ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n pariwo, wọ́n sì dá lẹ́tà wọn padà fún wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èmi nìkan ni Kambolé. Ẹnì kan kì í pariwo kó di ariwo.

Ní Kambolé, níbi tí ọ́fíìsì ń rán mi lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé, àwọn obìnrin ń pé jọ lẹ́yìn ìrun àsárì sábẹ́ igi ẹ̀mí kan, igi tí à ń fún òrí lára èso rẹ̀, lẹ́bàá ilé-kéwú. Ìyá mi wà lára wọn. Kò kàwé rí. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń wá: bí òun bá gbé iṣu dé ọjà Tchamba, àwọn tó ń rà á a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára àpò òun kí ọkọ̀ tó gbé e, òun sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ́ wọn, pẹ̀lú àmì gbogbo, wọ́n sì ń kà á geere. Ìgbà tí bébà ẹ̀rọ dé láti Sokodé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀.

“Mùsé, ta ló fá orí ọ̀rọ̀ báyìí?” Ìyá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀. “Nínú kéwú, lẹ́tà bá, tá àti sá, àmì nìkan ló yà wọ́n. Tí n bá yọ ọ́ níwájú alùfáà, ẹ̀yìn mi á sọ.”

“Sokodé ló fá a,” ìyá mi dáhùn. “Àwọn náà kò lálùfáà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ìdánwò ń bọ̀ ní Tchamba, bébà ẹ̀rọ ni wọn yóò sì kà. Bí wọ́n bá kà á dáadáa, kíláàsì á dúró. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n kà, ó parí.

Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí àgbàlá pẹrẹfẹ́, aláṣẹ ìjọba ní Tchamba, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá. Àwòrán Olórí, ààrẹ ilẹ̀ wa, wà lára ògiri lẹ́yìn pẹrẹfẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára gbogbo ògiri nígbà náà. Lọ́dún yẹn, rédíò kò sinmi: Olórí fúnra rẹ̀ ti gbé ọkọ́, ó ti wọ oko, kí gbogbo wa ṣe bíi tirẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kí inú pẹrẹfẹ́ dùn. Ó ní kí ẹ̀rọ mú gbólóhùn kan jáde nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko, gbólóhùn náà sì jáde gàdàgbà gadagba: OLORI KO EBE.

Wọ́n pe ìyá mi. Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó fìka tọ lẹ́tà. Ẹ má gbàgbé pé lóṣù yẹn, àwọn àgbà Kambolé ti wá bẹ̀bẹ̀ ní àgbàlá yẹn kan náà pé kí wọ́n ṣe afárá fún wa kí òjò tó dé, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ìlú ló gba ẹnu ìyá mi jáde, ketekete:

“Olórí kọ ẹ̀bẹ̀.”

Akọ̀wé pẹrẹfẹ́ gbọ́ èdè wa. Ó tẹ̀ sí pẹrẹfẹ́ létí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ojú pẹrẹfẹ́ yí padà.

“Màmá, kí lẹ sọ?” akọ̀wé bi í.

Ìyá mi rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sáré tún un ṣe. “Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mo ti rí i báyìí. Olórí kó ẹ̀bẹ!”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. “Tòun tìkòkò?”

Mo fò dìde, mò ń ké pé ebè ni, ebè oko ni, pé kọ ebè ni, kì í ṣe kọ ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe kó ẹ̀bẹ. Ọlọ́pàá jandáámù kan fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká, mo jókòó. Ìyá mi kò kà á ṣì o. Gbogbo ohun tó kà ló wà nínú ohun tí wọ́n kọ. Mo dúpẹ́ pé wọn ò jẹ́ kó dé ìkẹrin, pé Olórí kọ́ ẹ̀bẹ̀, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ alágbe, nítorí ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Pẹrẹfẹ́ kọjú sí ọ̀gá wa. Ọ̀gá tọ́ka sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kì í ṣòṣèlú, kì í sì í ṣàṣìṣe. Àwọn obìnrin yìí ni. Ó fi kún un, kí ara tù wọ́n, pé Yorùbá ti Kambolé kò tíì tó èdè tí èèyàn ń kọ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti kíláàsì pa. Wọ́n wá kó pátákó dúdú lọ ní Kambolé. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀kì pàápàá.

Ìyá mi ṣì ń gbé iṣu lọ Tchamba. Wọ́n ṣì ń kọ nǹkan sára àpò rẹ̀. Bí mo bá délé, á bi mí pé, “Ìgbà wo là ń bẹ̀rẹ̀ padà?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èsì rẹ̀, ẹ dáhùn. Ìwọ ọ̀gá tó pàṣẹ pé kí wọ́n fọ ọ̀rọ̀, o mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, èmi ni mo sọ fún ọ. Kí ló dé tí o fi òtítọ́ pamọ́ níwájú pẹrẹfẹ́? Ìwọ pẹrẹfẹ́, ta lo bi léèrè lára àwọn tó ń sọ èdè náà kí o tó ti ilẹ̀kùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àwọn méjèèjì sípò ńkọ́, èwo nínú yín ló máa wá sí Kambolé, tó máa jókòó níwájú ìyá mi, tó máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un lójúkojú? Ọjọ́ wo lẹ̀ ń bọ̀?