Etí Ìró Àrán Ìyá Mi

Ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa da agolo bọ́tìnnì rẹ̀ sórí ẹní, wààrà, bọ́tìnnì sì ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga àti sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa ọmọ méjì tí a jókòó tì í, èmi àti ọmọ ìyá tó ń ta epo ládùúgbò wa, ń fi ọwọ́ dínà fún wọn. Méjì wà nínú wọn tó ń dán bíi gíláàsì, aláwọ̀ ewé. Mo ti nawọ́ sí wọn nígbà tí ìyá náà rọra gbá mi lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó fi òwú sí abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣà. Ta ló fi òwú sí abẹ́rẹ́? Ọmọ ìyá elépo ni. Òun náà ló ń fi í sí i lójoojúmọ́. Ó he bọ́tìnnì méjèèjì, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún báyìí, mo ti bímọ, mo ti ní ewú lórí, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ilé kẹta sí tiwa ni ìyá náà ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú yàrá kan tó kọjú sí ojú ọ̀nà. Ọmọ Ìmùṣin ni. Ó ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò bímọ rí. Gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é ní Màmá, kò sì sí èyí tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wa. Yàrá rẹ̀ ń rùn fún káńfọ̀ àti róòbù, orógbó kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìjẹ̀bú tó ń sọ ki débi pé bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, máa ń kìlọ̀ fún mi kí n má gbé e wọ kíláàsì. Mo ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbogbo gbòò níbí kó lè yé yín.

Ọmọláńgidi ló ń rán. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, àwọn télọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Òdogbolú á di àjákù aṣọ sínú àpò fún un, àwa ọmọdé la máa ń bá a rù ú wálé. Òfin kan ló ní: aṣọ tí ènìyàn ṣì lè wọ̀ kì í ṣe aṣọ béébì, bí a ṣe ń pe ọmọláńgidi náà. Àjákù nìkan ló ń gbà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú èyí tí wọn ó fi rán aṣọ béébì tirẹ̀ wá láti ilé. A ó ṣà á ní àwọ̀ ní àwọ̀, a ó já fóòmù wẹ́wẹ́, òun á sì máa rán apá, ẹsẹ̀, orí, irun olówú dúdú. Ojú, bọ́tìnnì méjì, ló máa ń gbẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ rán ojú, á ní kí ọmọ tó ni ín wá jókòó síwájú òun gan-an, kí béébì náà lè rí ìyá rẹ̀ kó tó rí ẹlòmíràn. Bó bá ti fi eyín já òwú tán, á gbé e lé ẹ lọ́wọ́, á ní, "Ó ti mọ̀ ẹ́."

Tèmi àkọ́kọ́ ò ṣeé fi yangàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésìmesì, la máa ń ránṣọ nílé wa, kò sì sí àjákù kan tí mo lè mú lọ ju ti kakí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Ohun tó jáde níbẹ̀ jọ wọ́dà tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọ ìyá elépo ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni télọ̀. Lẹ́ẹ̀sì ló ń kó wá, béébì rẹ̀ jókòó bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó wá tún fi ojú aláwọ̀ ewé lé e.

Aṣọ nìkan kọ́ ló ń dùn mí o. Bí òwú bá tán nínú abẹ́rẹ́, ìyá náà kì í wo apá ọ̀dọ̀ mi. Á kàn na abẹ́rẹ́ síbi tí ọmọ yẹn jókòó sí, á ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Ọmọ náà á fi òwú sẹ́nu lá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti wọlé. Mo jí abẹ́rẹ́ ìyá mi, mo ń fi kọ́ra lẹ́yìnkùlé títí ìka mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìyá náà wá gbà mí láyè lọ́jọ́ kan, òwú là sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, "Fún un, kó bá ẹ ṣe é." Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé mi nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ, kí ìyá yẹn fẹ́ràn mi ju ọmọ ìyá elépo lọ.

Ìyá mi ní ìró àrán kan, aláwọ̀ osùn, tí ìyá tirẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó. Kì í sábà wọ̀ ọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á yọ ọ́ nínú àpótí, á sá a sóòrùn kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo dúró ti okùn tó sá a sí, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa á, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ti gbóná díẹ̀. Mo wo etí tó máa ń wọnú bí ìyá mi bá ró o, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Mo fa réésà tí mo fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù yọ, mo gé e. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ìyá náà fi ìka pa á síwá, ó pa á sẹ́yìn. Ó ní àrán rèé, níbo ni mo ti rí i? Mo ní télọ̀ ìyá mi ló fún mi. Ó ní òun ò rí télọ̀ tí àrán ń ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ rí. Ni mo bá bú sẹ́kún, mo ní ọmọ ìyá elépo nìkan ló fẹ́ràn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ àrán náà lé itan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó. Odindi ọjọ́ méjì ló fi ń rán an, èmi ló sì ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá elépo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo àrán, ó ṣu ẹnu jọ. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá mi gbé ìró náà láti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ, ó sì rí i pé wọ́n ti gé etí rẹ̀. Nígbà náà, bí wọ́n bá gé etí aṣọ obìnrin níbi tó sá a sí, ọ̀rọ̀ eré kọ́. Wọ́n á ní ọ̀tá ló gé e láti fi ṣe oògùn sí ẹni tó ni ín, ti obìnrin tó ṣì ń bímọ ló sì burú jù. Bàbá mi ní eku ni. Ìyá mi ní ṣé eku máa ń gé nǹkan gbọọrọ báyìí ni? Ó jókòó sílẹ̀, ó di ìró náà mọ́ àyà. Ayálégbé wa kan ló wá bèèrè pé ta ló ń kó àjákù aṣọ jọ ládùúgbò yìí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kàn tẹ̀ lé wọn jáde ni.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ọmọláńgidi mi wà lórí itan rẹ̀. Béébì náà ti ró ìró àrán, ó ti wé gèlè àrán, ojú nìkan ló kù. Àwọn èrò ti tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá," ni ìyá mi wí, "ta ló gé aṣọ mi fún yín?"

Ìyá náà wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Mo wolẹ̀.

"Ọwọ́ mi lo ti bá a," ló dáhùn. "Èmi ni kí o bi."

Ìyá mi yíjú wò mí pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èrò lè gbọ́: "Ẹni tí kò bímọ rí, kí ló fẹ́ fi aṣọ abiyamọ ṣe?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ìyá náà mú réésà tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà, ó ń já òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, títí ọmọláńgidi náà fi wà ní ìhòòhò. Ó fi ọwọ́ tẹ́ àrán náà, ó ká a, ó nà án sí ìyá mi. Ó ní bó bá gbé ìró náà wá, òun á bá a rán an padà, kò ní hàn. Ìyá mi já a gbà, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ.

Láti ọjọ́ náà wọn ò jẹ́ kí ọmọ kankan débẹ̀ mọ́. Àwọn télọ̀ pàápàá ò fún un ní àjákù mọ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀. Ìyá elépo nìkan ló ní ẹni tó bá fẹ́ gé aṣọ òun kó wá gé e, epo ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà ọmọ rẹ̀ ń lọ. Láti ojú fèrèsé wa ni mo ti ń wo àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, orí wọn kan ara wọn, wọ́n ń rán àkísà ilé ara wọn. Ìtìjú ló yẹ kó máa pa mí, ṣùgbọ́n owú ni mò ń jẹ. Mo ti fún ọmọ yẹn ní ìyá náà pátápátá, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá náà lójú ọ̀nà, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi," á sì kọjá. Kò sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Mo wà nílé ìwé girama nígbà náà, wọ́n ní ọmọ ìyá elépo ló tọ́jú rẹ̀ dópin.

Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ó ti darúgbó, a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní èmi ni mo gé àrán yẹn. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìgbà tó wò ẹ́ ni mo mọ̀, kí n tó la ẹnu."

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi sọ ohun tó sọ. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

"Bó o bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo kọ́kọ́ ń yà. Bí wọ́n bá nà ẹ́, òun lò ń sunkún lọ bá. Èmi ni mo sì bí ẹ. Mò ń jowú ni."

Òjòwú méjì la jẹ́, ìyá àti ọmọ, tí a dúró síwájú arúgbó yẹn lọ́jọ́ náà. Kò sí èyí tó lè jẹ́wọ́ nínú wa, a sì di ẹrù náà lé e lórí.

Àbíkẹ́yìn mi ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Ó fẹ́ràn obìnrin kan tó ń dirun ní ìsọ̀ tó kọjú sí ilé wa, débi pé bí a bá jókòó jẹun alẹ́, "Àǹtí ní báyìí, Àǹtí ní báyẹn" la ó máa gbọ́ títí oúnjẹ fi máa tán. Owú máa ń jẹ mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tó lè ṣe. Mo máa ń gbé e mì. Mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé kó bá mi kí Àǹtí dáadáa. Ó máa ń pẹ́ kí n tó rí i sọ.