Ohun tí Eku Kò Rí Jẹ

"Àǹtí, kí ni ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo gbóyà bi ìyàwó àbúrò bàbá mi ní ìbéèrè yìí. Ọjọ́ tí ìyá wọn bí wọn náà ló kú. Kò ní fọ́tò kankan. Aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, eku ti jẹ ẹ́. Àǹtí ní kí n lọ ṣeré.

Irú eku bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ń tọ́jú báyìí ní ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Eku, ọ̀tá rẹ lo wá ń bọ́ yìí?" Wọn a rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí ní kí n wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọlẹ̀ eku kan wà níbẹ̀, ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọ, tó ti pín sí méjì.

"Òní ni jíìnì tirẹ̀, ìtọ́ni tó ń darí ìdàgbà rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sí iṣẹ́," ni Àǹtí wí.

"Lánàá ńkọ́, Àǹtí? Kí ló ń lò?"

"Ohun tí ìyá rẹ̀ ti kó sínú ẹyin dè é. Tèmi àti tìrẹ, àwa èèyàn, tiẹ̀ máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó jí."

Wọ́n nu ojú awò náà.

"Mi ò gbàgbé ìbéèrè tí o bi mí ní kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mi nínú oyún ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Eku ò rí ìyẹn jẹ."